Ẹ Wọn Orí Bí Ẹ Ti Ń Wọn Ẹsẹ̀

Bí ènìyàn bá ń tiro, gbogbo ayé ni yóò rí i, wọn yóò sì bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n bí ìrònú rẹ̀ bá ń falẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu kí ó tó sọ ọ́ tán, ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà ni wọn yóò pè é. Ìyà yìí ni ó ń jẹ ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn multiple sclerosis ń bá fínra. Ilé ìwòsàn a máa wọn ìrìn wọn, a máa yẹ ojú wọn wò, a sì máa dán agbára ọwọ́ wọn wò. Ìrònú wọn ni kì í sábà rí ẹni wọ̀n ọ́n. Ó ti tó àkókò kí èyí yí padà.

Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn jáde ni wọ́n ń dojú ìjà kọ onílé. Wọn a máa bó ìbòrí tí ó wé mọ́ àwọn iṣan inú ọpọlọ àti ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ìgbà tí eku bá jẹ rọ́bà ara wáyà iná. Ìròyìn tí irú iṣan bẹ́ẹ̀ ń gbé a máa falẹ̀, òmíràn kì í tilẹ̀ dé ibi tí a rán an. Láàárín ọmọ ọdún 20 sí 40 ni àìsàn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ni ó sì ń bá jà jù.

Àwọn àgbà oníṣègùn ti fura sí ọ̀rọ̀ ìrònú yìí tipẹ́. Ní ọdún 1868, Jean-Martin Charcot, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní ìlú Paris, ṣe àlàyé àìsàn náà yékéyéké. Ó kíyè sí i pé ìrántí àwọn aláìsàn náà ń dínkù, àti pé ó ń pẹ́ kí òye tó yé wọn. Síbẹ̀, fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún, ọ̀pọ̀ dókítà kọ etí ikún sí i. Òṣùwọ̀n tí John Kurtzke gbé jáde ní 1983, èyí tí ó lọ láti 0 dé 10, ni wọ́n ń lò káàkiri ayé títí di òní. Bí aláìsàn bá ti kọjá 4 lórí òṣùwọ̀n náà, bí ó ṣe lè rìn jìnnà tó ni wọ́n ń wò jù.

Ní 1991, Stephen Rao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi 100 aláìsàn wé 100 ènìyàn tí kò ní àìsàn náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú aláìsàn 100, àwọn bíi 43 ni ìrònú wọn ti jó rẹ̀yìn. Àwọn wọ̀nyí kò burú ju àwọn yòókù lọ ní ti àìlera ara, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú wọn kéré, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ ṣe mọ́. Òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ kò lè rí irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni iná inú ọpọlọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Hans Berger, dókítà kan ní ìlú Jena ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ka iná ọpọlọ láti orí ènìyàn ní 1924. Ó sì tẹ ìwé jáde lé e lórí ní 1929. Ẹ̀rọ náà, tí a ń pè ní EEG, kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà, nítorí òun ni a fi ń yẹ ọpọlọ àwọn tí ó ní wárápá wò. Kì í gé ara, kì í gún ara, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀rọ MRI. MRI ń fi ojú ibi tí ọgbẹ́ wà hàn. EEG ń fi àkókò tí ìròyìn dé hàn. Bí ẹni tí ó ń fetí sílẹ̀ bá gbọ́ ìró tí ó yàtọ̀ láàárín àwọn ìró kan, ọpọlọ rẹ̀ yóò gbé ìgbì iná kan dìde ní nǹkan bí ìdá 300 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. P300 ni wọ́n ń pe ìgbì náà. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn multiple sclerosis, ó máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ó ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé òun kò pa irọ́, kò sì ya ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta EEG fún aláìsàn bí ẹni ta àwòtán. Ìyàtọ̀ tí ó ń fi hàn a máa hàn kedere bí a bá fi ọ̀pọ̀ ènìyàn wé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lára ẹnì kan ṣoṣo, àìsùn, àárẹ̀, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí oògùn lè yí ìgbì náà padà. Kí ìwádìí lórí rẹ̀ máa tẹ̀ síwájú. Ní báyìí ná, ohun tí ó rọrùn jù wà nílẹ̀: àyẹ̀wò orí ìwé tí wọ́n ń pè ní Symbol Digit Modalities Test, níbi tí aláìsàn yóò ti máa fi nọ́ńbà dípò àmì. Ìṣẹ́jú àáyá 90 péré ni ó ń gbà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbà wá nímọ̀ràn pé kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa wáyé lọ́dọọdún.

Àwọn kan yóò bèèrè pé, àǹfààní wo ni ó wà nínú wíwọn ohun tí a kò tíì rí oògùn rẹ̀? Ó pọ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí ìrònú òun ti ń kọsẹ̀ lè máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí ó bèèrè fún ibi iṣẹ́ tí kò sí ariwo, kí ó sì gba ẹ̀kọ́ tí ń ran ìrántí lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ yóò mọ̀ pé àìsàn ni, ará ilé rẹ̀ yóò dẹ́kun ìbínú. Ìrònú tí ó ṣàdédé dínkù sì lè ta dókítà lólobó pé àìsàn náà ń tàn, bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ tíì sọ nǹkan kan.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó bá wọn ẹsẹ̀ aláìsàn tí kò wọn orí rẹ̀ ti fi orí tẹlẹ̀.