Iṣẹ́ Ọjọ́ Kan Kò Lè Tọ́jú Igbó Ọ̀ṣun

Sí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ onígbọ̀wọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó èèyàn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, yálà láti lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí láti lọ ṣe àjọyọ̀.

Ẹni tó bá fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ ń ṣa ọ̀rá àti ike nínú igbó tí kì í ṣe oko bàbá rẹ̀, ọpẹ́ ló tọ́ sí i. Nítorí náà, kì í ṣe èrò ọkàn yín ni mo ń bá wí. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ni mo ń bá wí, nítorí kò dára, ó sì ti pẹ́ tó ti yẹ ká sọ ọ́ ní gbangba. Ibi tó ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́ ni à ń fún ní iṣẹ́ ọjọ́ kan, a ó sì wá fi ìyókù ọdún kó èrò wọ ibẹ̀ láìbèèrè ohun tí èrò náà ń bà jẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Bí oṣù Agẹmọ bá ti wọlé, tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á dé pẹ̀lú fáńnìlà tuntun tí wọ́n tẹ orúkọ onígbọ̀wọ́ sí láyà. Wọn á ta bánà sí ẹnu ọ̀nà. Wọn á gbá ojú ọ̀nà àbáwọlé, wọn á ṣa ìdọ̀tí etí odò, wọn á gbin igi mélòó kan níwájú kámẹ́rà. Wọn á mu omi inú ọ̀rá, wọn á jẹ ìrẹsì inú ike, kí oòrùn tó mú wọ́n ti wọkọ̀ padà. Ìdọ̀tí tí wọ́n ṣa á wà nínú àpò lẹ́bàá ògiri, torí kò sẹ́ni tó bá àwọn tó ń kólẹ̀ ṣàdéhùn. Òjò á rọ̀, ewúrẹ́ á fa àpò ya, àgbàrá á sì gbé gbogbo rẹ̀ padà sínú odò. Igi tí wọ́n gbìn kò ní ẹni tí yóò bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọn á tún gbin òmíràn sójú ibẹ̀, wọn á sì tún ya fọ́tò.

Igbó tí à ń ṣe báyìí sí kì í ṣe pápá ìṣeré. Hẹ́kítà 75 ni, ilé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Ojúbọ bí ogójì ló wà nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn ère etí odò. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìtàn ìlú wa sì sọ pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn èèyàn wọn wá láti Ìpólé nítorí omi, igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun bínú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bá a mulẹ̀, wọ́n kó ìlú sókè, wọ́n fi igbó sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ tí Òṣogbo dá níbẹ̀ ni igi gígé, ètùtù rẹ̀ sì ni àdéhùn tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ bàbá títí di òní: a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dẹ igbó níbẹ̀, a kì í gégi níbẹ̀.

Àdéhùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ já nígbà kan. Ní àwọn ọdún 1950, apá kan igbó náà bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó, wọ́n gé igi ibẹ̀ láti fi dá oko. Àwọn olè ń jí ère kó tà fún àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́. Ojúbọ ń wó, àwọn àwòrò ń dínkù. Àwọn tó gba igbó náà sílẹ̀ ni àwọn olórìṣà tí kò kúrò níbẹ̀, àti Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú bí Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, àti Kàsálí Àkàngbé agbẹ́gilére. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère ńláńlá tí olè kò lè gbé, wọ́n fi ère náà sọ fún àwọn tó ń wá ilẹ̀ rà pé ibí yìí ní olóhun. Ní 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo rẹ̀. Títí Àdùnní fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, kò ṣí ọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Bí igbó yẹn ṣe là nìyẹn. Àwọn tó dúró tì í ló gbà á là.

Àwọn tó sì dúró tì í lónìí, àwọn àwòrò àti ìyálórìṣà, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí mo dárúkọ, àwọn gan-an la máa ń ké sí kẹ́yìn. A máa ń pè wọ́n láti wá súre ìbẹ̀rẹ̀ àti láti wá dúró láàárín fọ́tò. A kì í bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Kò sì yẹ kó ṣòro fún wa, torí a ti ní òfin iṣẹ́ àjọṣe tipẹ́. Nínú àáró, bí ẹgbẹ́ bá bá mi roko lónìí, oko tìrẹ ló kàn lọ́la. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe yí i ká, ẹni tó bá jẹ iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí kò san án padà, ojú á tì í láàárín ìlú. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń bẹ̀ wá. Òun ló ń yan ọjọ́, òun ló ń fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn wá, òun ló ń sọ bó ṣe fẹ́ ẹ, a kì í sì í fi òrùlé sílẹ̀ ní ìdajì torí pé a ti rẹni tó rí wa. Ẹ wo bí a ti yí i po lónìí. Ẹni tó fẹ́ ṣoore ló ń yan ọjọ́ tó wù ú, òun ló ń yan iṣẹ́ tó dùn ún wò, òun náà ló sì ń sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó ni igbó kò rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń tìdí èyí jáde kò mọ sí àṣedànù nìkan. Ó lè di ìbàjẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ère wọ̀nyẹn, irin ni egungun wọn, amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi bò ó. Bí omi òjò bá gba ibi tó sán wọlé, irin á dípẹtà, á wú, á sì ya sìmẹ́ǹtì láti inú. Gbòǹgbò igi ń ti ìdí wọn, ẹ̀ka tó já ń bọ́ lù wọ́n. Ọ̀dọ́ tí a fún ní búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ọṣẹ ìfọṣọ pé kó fọ ewéko tútù kúrò lára ère lè ha awọ ère náà kúrò, kó sì ṣílẹ̀kùn fún òjò. Ẹni tó bá fi ọ̀dà kun ojúbọ kó lè dán nínú fọ́tò ti bo iṣẹ́ ọwọ́ olóhun mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ère, oníṣẹ́ ọnà tó mọ̀ ọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi gba oúnjẹ lẹ́nu oníṣẹ́ kì í ṣe oore.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti odò náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti hàn jù. Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Wíwa góòlù lókè odò, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, wà lára ohun tó fà á. Ní 2022, bí ọdún ti ń súnmọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń bọ̀ má mu omi náà. Omi tí àwọn èèyàn ń ti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá bù ni wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fẹnu kàn! Síbẹ̀, lójú ojúbọ tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo wa ń kóra jọ sí láti ṣa ike. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹgbẹ́ tó bá ní igba ọ̀dọ́ lè pín wọn: kí díẹ̀ wà nínú igbó, kí àwọn kan máa tọ ojú àgbàrá inú ìlú tó ń gbé ọ̀rá wọ odò, kí àwọn tó mọ ìwé máa bá àwọn abúlé òkè odò kọ àkọsílẹ̀ bí omi ṣe rí lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin. Kò sí fọ́tò aláràbarà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kan odò nìyẹn.

Ní ti àjọyọ̀, mi ò sọ pé kí èrò má wá o. Láti ọjọ́ ìwọ́pópó, dé alẹ́ tí wọ́n ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, dé ọjọ́ tí Arugbá ń ru igbá láti ààfin Àtáója lọ sí odò, ọdún Ọ̀ṣun kò ṣeé ṣe láìsí èrò. Èrò ló ń bá ìlú mú àdéhùn náà ṣẹ. Ohun tí mo ń bá wí ni àwọn ohun tí a fi kún un láìronú: ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń pariwo orúkọ ọjà lábẹ́ igi, ọkọ̀ tí wọ́n wà wọlé débi tí kò yẹ, ọ̀rá omi tí ẹnikẹ́ni kò pèsè ibi tí a ó dà á sí. Ọgbà bíi Freedom Park ní Èkó, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2010 pẹ̀lú pèpéle àti ilẹ̀ líle kó lè gba eré àti èrò. Igbó Ọ̀ṣun kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, gbòǹgbò wà lókè, ọ̀bọ àti ẹyẹ ló ń gbé ibẹ̀. Ètò tó bá ọgbà kan mu lè ba èkejì jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀.

Ẹ lọ bèèrè kí ẹ tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Kí ẹ tó tẹ fáńnìlà, ẹ bá àwọn àwòrò, ààfin àti àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jókòó, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ àti ibi tí àlejò kò gbọ́dọ̀ dé.

Ẹ gba ibì kan, kí ẹ sì dúró tì í. Ní Central Park ní New York, ọgbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro ní àwọn ọdún 1970, àwọn ará ìlú dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1980. Nígbà tó yá, wọ́n pín ọgbà náà sí ẹkùn-ẹkùn, olùtọ́jú kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ojúbọ: kí ilé-ìwé kan mú ọ̀nà kan, kí ẹgbẹ́ kan mú ògiri kan, kí wọ́n máa wá lóṣooṣù fún ọdún kan ó kéré tán.

Bí ẹ bá gbin igi, kí ó jẹ́ irú igi tó ti wà nínú igbó náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá. Iye tó yè ni kí ẹ kéde fún wa, kì í ṣe iye tí ẹ gbìn.

Ẹ̀yin onígbọ̀wọ́, kí owó ìtọ́jú wà nílẹ̀ kí ìlù tó dún. Ẹ san owó àwọn tí yóò kó ilẹ̀, ẹ gbé táǹkì omi mímu kalẹ̀ dípò ọ̀rá, ẹ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín sí ìgboro. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ má ṣe ka orí àwọn tó wá lọ́jọ́ ìgbálẹ̀ nìkan. Ẹ padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ ọjọ́ kan sàn ju kí a má ṣe rárá. Ìbá rí bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ń jẹ́ kí ìlú rò pé iṣẹ́ ti di ṣíṣe. Ìjọba rí fọ́tò, wọ́n fọkàn balẹ̀. Onígbọ̀wọ́ rí orúkọ rẹ̀, ó lọ. Igbó náà wà bó ṣe wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ètò kan nílẹ̀ fún ọdún yìí, ẹ dá a dúró ná. Ẹ lọ bá àwọn tó wà nínú igbó náà lójoojúmọ́, ẹ bi wọ́n pé kí ni ẹ lè bá wọn ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún yín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gbà á, kí ẹ sì máa ṣe é títí ọdún yóò fi yí po. Ẹni tí kò bá lè padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kó fi owó fáńnìlà náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún ère ṣe. Yóò ṣe igbó náà láǹfààní ju wíwá rẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Òṣogbo kan