Ẹran Erin Ń Bẹ Lórí, Ẹsẹ̀ Tún Ń Wa Ìrẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Náítírọ́ọ̀sì "Kékeré" Nínú Ọkọ̀ Súpáchájà

A kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Àwọn baba wa ti ń pa òwe yìí kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àwọn ọlọ́kọ̀ kan ní Amẹ́ríkà òde òní ni wọ́n ń bá wí. Ẹnìkan ti ní ọkọ̀ tí súpáchájà wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà ni ó ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, òun ni ó fi ń gbé ọmọ bọ̀ láti ilé-ìwé lọ́sàn-án. Síbẹ̀, yóò lọ ra sílíńdà gáàsì náítírọ́ọ̀sì, yóò dè é mọ́ inú búùtù, yóò sì fa páìpù rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó ń wá, èsì rẹ̀ kò gùn: "Kékeré ni. Agbára ẹṣin 50 péré ni mo fi kún un."

Ọ̀rọ̀ "kékeré" yìí ni a fẹ́ bá jà lónìí. A kò bá ẹni tó fẹ́ràn eré sísá jà, a kò sì ní sọ pé gáàsì náà kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Irọ́ tí wọ́n ń pa fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé ènìyàn lè bu omi díẹ̀ kún agbada tó ti kún dé ẹnu, kí omi náà má sì ṣàn dànù.

Fún ẹni tí kò mọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Epo nìkan kò lè jó. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ràn án lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fẹ́ iná ààrò kí ó lè ràn. Súpáchájà ni ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, tí ó ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti rí Benz tí wọ́n kọ "Kompressor" sí ìdí rẹ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn ti rí ọkọ̀ súpáchájà. C230 Kompressor tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2003 sí 2005 ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, agbára ẹṣin 189 ni ó sì ń mú jáde. Ẹ̀gbọ́n pátápátá ni Dodge Challenger Hellcat, tí ó jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2015 pẹ̀lú agbára ẹṣin 707.

Náítírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ni gáàsì tí àwọn oníṣègùn eyín ti ń fi pa ìrora láti ọdún 1844, èyí tí àwọn kan ń pè ní gáàsì ẹ̀rín. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì lò ó nínú ọkọ̀ òfuurufú ogun wọn, kí ẹ́ńjìnnì má baà rẹ̀ sílẹ̀ lókè réré níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Nígbà tí fíìmù The Fast and the Furious jáde ní ọdún 2001, ọmọdé àti àgbà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìdí tí ó fi lágbára kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá wọn afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ni ọ́síjìn. Nínú náítírọ́ọ̀sì, ó tó 36. Nígbà tí ooru inú ẹ́ńjìnnì bá tú gáàsì náà ká, ọ́síjìn yẹn yóò jáde, ẹ́ńjìnnì yóò lè jó epo púpọ̀ sí i, iná yóò sì ràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn àṣà yìí ní àwíjàre kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Wọ́n ní bí súpáchájà ṣe ń ki afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú un gbóná, gẹ́gẹ́ bí páǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ẹni tó ń fi fẹ́ táyà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa mú kí epo bú gbàù ṣáájú àsìkò rẹ̀. Náítírọ́ọ̀sì, nígbà tí ó bá ń ti inú omi di gáàsì, tutù dé ìwọ̀n 88 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, wọ́n ní oògùn ni ó jẹ́ fún súpáchájà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú pápá eré ìje ni ọkọ̀ náà wà, tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n sì ti fi irin tó le rọ́pò irin inú rẹ̀, a kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ibi iṣẹ́ ni à ń sọ, ibẹ̀ sì ni oògùn náà ti ń di májèlé.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ni a fi wọn "kékeré"? Agbára ẹṣin 50 lórí 707 jẹ́ nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún péré. Ẹ gbé 50 yẹn kan náà sórí Kompressor tó ní 189, ó ti ju ìdá mẹ́rin gbogbo agbára rẹ̀ lọ. Písítínì mẹ́jọ ni yóò pín in nínú Hellcat, a ó sì rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ru 6.25. Mẹ́rin péré ni yóò pín in nínú Kompressor, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì ru 12.5. Ẹrù kan náà ni, ọrùn tó gbé e ni kò dọ́gba. Ọrùn yìí kan náà sì ti ru ẹrù súpáchájà tẹ́lẹ̀: àlàfo díẹ̀ tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi sílẹ̀ nítorí ọjọ́ burúkú, súpáchájà ti jẹ nínú rẹ̀ kí náítírọ́ọ̀sì tó dé.

Ìkejì ni ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á kì í ṣàlàyé. Súpáchájà ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọra yí, òun náà á rọra kí afẹ́fẹ́. Náítírọ́ọ̀sì kò mọ bẹ́ẹ̀. Iye kan náà ni ó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń sáré tàbí ó ń rìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, iye gáàsì tí písítínì kọ̀ọ̀kan ń gbà nígbàkigbà tí epo bá jó jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí yóò gbà bí ó bá ń yí ní ìgbà 5,000. Èyí túmọ̀ sí pé ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni ìkúùkù náà le jù lọ. Níbo sì ni ọkọ̀ ti ń gbéra ní gbogbo ìgbà bí kò ṣe ní ojú títì, ní ìdí iná tó ń darí ọkọ̀? Irin tó so písítínì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì a sì máa tẹ̀ ní ibi tí kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀.

Ìkẹta ni ojú ọjọ́. Inú pápá, ẹni tó fẹ́ lo náítírọ́ọ̀sì máa ń wo gééjì sílíńdà rẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Ó ń fẹ́ kí agbára inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí 900 sí 1,000 psi, bí ó bá sì tutù jù, yóò fi ẹ̀rọ mú un gbóná. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò ní àyè yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ òtútù ní Chicago, gáàsì kò ní jáde tó bó ṣe yẹ. Ní ọ̀sán gangan ní Houston, níbi tí inú ọkọ̀ tó wà lóòrùn ti ń gbóná ju ìwọ̀n 50 lọ, gáàsì yóò tú jáde ju iye tí wọ́n ṣètò epo fún lọ. Ọ́síjìn yóò pọ̀, epo kò ní tó, iná náà yóò sì máa jó bí iná alágbẹ̀dẹ títí tí yóò fi yọ́ orí písítínì. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì" nìyẹn.

Ooru yìí kan sílíńdà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 36, náítírọ́ọ̀sì kò lè jẹ́ omi mọ́ láéláé, agbára inú sílíńdà yóò sì máa ga kíákíá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi awo irin pẹlẹbẹ kan sí ẹnu rẹ̀, kí ó lè bẹ́ ní nǹkan bí 3,000 psi dípò kí sílíńdà fọ́. Nígbà tí awo náà bá bẹ́, gáàsì ń lọ sí ibi tó bá rí. NHRA, àwọn tó ń ṣètò eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti fi dandan lé e pé bí sílíńdà bá wà nínú ibi tí awakọ̀ jókòó sí, kí wọ́n fa páìpù tí yóò gbé gáàsì náà síta. Ẹ̀yin òbí tó ń fi irú ọkọ̀ yìí gbé ọmọ, ṣé ẹ fa páìpù yẹn?

Àwọn olóòótọ́ nínú àwọn tó ń ta gáàsì yìí kò fi ohun tí ó ń béèrè pamọ́. Ẹ ka ìwé tó bá a wá. Ẹ ó rí i pé púlọ́ọ̀gì tó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ẹ óò rà. Ẹ óò dá ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń sáná padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ óò ra páǹpù epo tó lágbára. Ẹ óò fi ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kí gáàsì tú jáde bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ iná dé ìsàlẹ̀, èyí tí kò ní jẹ́ kí ó tú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí díẹ̀, àti èyí tí yóò dá a dúró bí epo bá dín kù. Ẹ óò sì san owó fún ẹni tí yóò tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà tò. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí ti ṣe iṣẹ́ ńlá, owó ńlá ló sì ná. Ẹni tí kò ṣe é ti fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ohun tó ṣe jẹ́ "kékeré" fún?

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò dúró lórí 50. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ihò kékeré kan tí gáàsì ń gbà kọjá ni ó ń sọ iye tí yóò jáde, pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì gba àkókò. Ẹni tó fi 50 dùn lónìí yóò fi 75 wò ní oṣù tó ń bọ̀, yóò sì ti kan 100 kí ọdún tó yí. Èrè rẹ̀ ńkọ́? Sílíńdà tí wọ́n sábà máa ń tà, oní pọ́n-ùn 10, kò lè tú gáàsì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó ṣófo. Ènìyàn yóò máa ru ẹrù àti ewu yìí kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí ayọ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan.

A mọ èsì tí yóò tẹ̀lé e: "Ọkọ̀ mi ni, owó mi ni." Ọkọ̀ rẹ ni lóòótọ́, títì kì í ṣe tìrẹ. Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè lo náítírọ́ọ̀sì lójú pópó láì jẹ́ pé ó tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá láàárín àwọn tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, òfin kò fẹ́ kí páìpù gáàsì náà wà ní síso bí ọkọ̀ bá ti wà lójú títì. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò pé òun ti yí ẹ́ńjìnnì padà lè dá nìkan ru gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì parí sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí ọ̀dọ́ kan bá lò ní ìlòkulò lọ́hùn-ún lè dé gbàǹjo, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì gúnlẹ̀ sí Kútọnu tàbí Èkó. Wọn yóò fọ̀ ọ́, yóò máa dán, wọn yóò sì pè é ní tòkunbọ̀ tó mọ́. Ẹni tó fi owó àjọ rà á kò ní mọ̀ pé irin inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Epo wa pàápàá kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nígbà gbogbo. A kò tíì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ra Kompressor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Ẹ wò bóyá wọ́n ti lu ihò bóòtù síbi tí kò yẹ kí ihò wà. Ẹ wo páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì bóyá wọ́n ti dí ihò kan lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí wáyà tàbí bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi owó yín sápò.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa kò le. Ẹ yan ọ̀kan. Bí eré ìje bá wù yín, ẹ ra ọkọ̀ eré ìje, kódà kí ó jẹ́ àlòkù, ẹ tún inú rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì gbé e lọ sí pápá tí wọ́n ṣe fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ooru súpáchájà ni ó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tún ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ rẹ̀ lára ṣe. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kì í sì í tán bí ti sílíńdà. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra táyà àti bíréèkì. Súpáchájà tí ẹ ní yẹn, ẹran erin ni. Ẹ gbé e délé láyọ̀, kí ẹ fi ìrẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀.