Ohun Tí Ìjàǹbá Kò Lè Gbà Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́

Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè rìn mọ́, tàbí tí àìsàn bá pa apá kan ara rẹ̀, ìbéèrè tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ìbéèrè náà kò burú. Owó ilé ìwòsàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà sì ń bẹ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀, tí a kì í sì í bèèrè tó: kí ni ẹni yìí mọ̀? Ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó mọ̀, ìyàtọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí. N ó gba ọ̀nà Ìbàdàn kí n tó padà sí Pàrákú wa níbí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ ohùn Yínká Ayéfẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jó sí orin tungba rẹ̀ níbi ìgbéyàwó lè má mọ̀ pé orin kọ́ ni iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. A bí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1968 ní Ìpótì-Èkìtì. Nígbà tí ó dàgbà, ó di oníròyìn ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1997, ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún 29 ni. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara.

Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Kọ́láwọlé Ọláwuyì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ètò «Nǹkan Ń Bẹ» sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti bẹ̀ ẹ́ wò. Òun ni ó dábàá pé kí aláìsàn náà ṣe àwo orin kan, kí ó lè fi rí owó iṣẹ́ abẹ. Àwo náà jáde ní ọdún 1998, a pè é ní «Bitter Experience», èyí ni ìrírí kíkorò. Nígbà tí ó yá, «Sweet Experience» tẹ̀ lé e.

Ẹ kíyè sí ẹni tí ó mú àbá yìí wá. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn mìíràn wo ibùsùn yẹn, aláìsàn ni wọ́n rí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wò ó, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó rí. Ó mọ ohun tí rédíò ń kọ́ ènìyàn. Lórí rédíò, a kì í rí ẹsẹ̀, a kì í rí ojú. Ohùn nìkan ni ó wà. Oníròyìn rédíò mọ bí a ṣe ń di etí olùgbọ́ mú kí ó tó yí ìkànnì padà. Ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù àti ìgbà tí ó kù díẹ̀. Ó mọ ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì mọ ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí yóò gbé orin náà sáfẹ́fẹ́. Bí a bá sì tún wò ó dáadáa, kí ni àwo àkọ́kọ́ yẹn bí kò ṣe ìròyìn? Oníròyìn náà ti ń jábọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ yẹn, ó jábọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ àtijọ́ ṣe ohun gbogbo. Ìmọ̀ rédíò kò lè gbé kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn. Ó di dandan kí ó kọ́ bí a ṣe ń jókòó kọrin níbi tí àwọn olórin mìíràn ti ń dúró, tí wọ́n ń jó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó kọ́ ilé orin kan sí agbègbè Challenge ní Ìbàdàn, ó sì dá ilé-iṣẹ́ rédíò Fresh FM sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wó apá kan ilé náà, wọ́n ní kò bá ìwé àṣẹ ìkọ́lé mu. Ariwo pọ̀, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà nígbẹ̀yìn. Èyí tí ó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé ẹni tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ rédíò padà di ẹni tí ó ń gba òṣìṣẹ́ rédíò síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú níhìn-ín. Àwọn kan a máa fi orúkọ ọkùnrin yìí na aláàbọ̀ ara bí ẹni fi pàṣán na ọmọ: «Wo Ayéfẹ́lẹ́! Kí ni ìwọ ń ṣe?» Ìwà ìkà ni. Ayéfẹ́lẹ́ ní ohùn, ó ní ẹbí tí ó dúró tì í, ó sì ní ẹlẹgbẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú awakọ̀ akẹ́rù. Ìlú awakọ̀ ni Pàrákú: ibí ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnù parí sí, ibí sì ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà lọ títí dé Malanville ní ẹ̀bá odò Ọya. Awakọ̀ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ bíréèkì mọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé, ó mọ ìwé tí wọ́n ń bèèrè ní ẹnubodè, ó mọ oníṣòwò tí ń sanwó lásìkò àti èyí tí ń sá. Ó lè gbọ́ Baatonu, Dendi, Fọ̀n àti Faransé mọ́ Yorùbá. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ó wà nínú ẹsẹ̀? Ìyá aláṣọ ní ọjà Arzèkè tí ojú rẹ̀ fọ́ ń fi ìka mọ aṣọ, ó ń fi ohùn mọ onígbèsè. Owó ni yóò nílò ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán láti bá a kà.

Èyí tí ó máa ń dùn mí jù ni ti aránṣọ. Bí ẹ̀gbà bá mú ọ̀gá aránṣọ, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀? Láàrin oṣù kan tàbí méjì, àwọn òbí á ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ti kú nítorí pé ọwọ́ kú. Bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀gá ni ó ń wọn ènìyàn kí téèpù tó dé ara rẹ̀. Ọ̀gá ni ó mọ ibi tí àlùmọ́gàjí yóò gbà àti bí aṣọ yóò ṣe bọ́ sí ara ẹni tí ó sanra. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti lo ọdún méjì lè gé aṣọ bí ọ̀gá bá jókòó tì í, tí ó ń wí pé: gé e síbí, fi ìka méjì sílẹ̀. Nígbà tí a bá kó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ, ọwọ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí ó kù fún ọ̀gá náà ni a gé. Ẹ̀gbà kọ́ ni ó ṣe èyí, àwa ni.

Orílẹ̀-èdè Benin ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ó dára kí a mọ̀ ọ́n, kí a sì béèrè fún ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí yóò dá ọmọ iṣẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Àwọn òbí ni yóò ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé àti bíìkì dání pẹ̀lú ọsàn tí ẹ rà. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ bi í pé: Bàbá, àwọn wo ni oníbàárà yín? Iṣẹ́ ta ni ẹ kò tíì parí? Ta ni ó jẹ yín lówó? Èwo nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ iṣẹ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́, kí ẹ sì lọ bá àwọn òbí ọmọ náà kí oṣù tó parí.