Ohùn Ṣáájú Ọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Orin Rọ́ọ̀kì Kan Kọ́ Wa

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ìlù àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn olórin rọ́ọ̀kì ìlú New York ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé èrò kan ń gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin ní èdè wa: wọ́n gbà pé ẹni tó bá fẹ́ dá àrà tuntun nínú orin kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohùn Yorùbá dè é mọ́lẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Orin kan tí kò jọ orin rọ́ọ̀kì tó kù ni n ó fi ṣe ẹ̀rí mi.

Orin náà ni "Once in a Lifetime", tí ẹgbẹ́ Talking Heads gbé jáde nínú àwo Remain in Light ní oṣù kẹwàá ọdún 1980. Mẹ́rin ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà: David Byrne tó ń lé orin, Chris Frantz onílù, Tina Weymouth tó ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, àti Jerry Harrison tó ń tẹ dùùrù tó sì ń ta jìtá. Brian Eno, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó bá wọn darí iṣẹ́ náà.

Bí olórin rọ́ọ̀kì ṣe sábà máa ń kọ orin kò ṣòro láti ṣàlàyé. Yóò jókòó ti jìtá rẹ̀, yóò wá ọ̀rọ̀ àti ohùn pọ̀, yóò pín in sí ẹsẹ àti ègbè, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn Talking Heads dojú ètò yìí délẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Compass Point ní ìlú Nassau, ní Bahamas, wọn kò mú orin tí a ti kọ parí lọ́wọ́. Wọ́n jọ ń lu ìlù, wọ́n ń ta jìtá, wọ́n ń ṣa ibi tó dùn nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe léraléra, èlò kan lórí òmíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ nígbà náà. Ìró jìtá olóhùn ìsàlẹ̀ kan náà ni ó ń yí po nínú orin yìí, ìbáà jẹ́ ní ẹsẹ, ìbáà jẹ́ ní ègbè.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yìí? Àwo Fẹlá Aníkúlápó Kútì tí à ń pè ní Afrodisiac, tó jáde ní 1973, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nínú orin Fẹlá, ìlù àti jìtá lè máa yí po lójú kan fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí lílé àti gbígbè tó dé. Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àwo mìíràn tí Byrne àti Eno jọ ṣe ní àkókò kan náà, tó jáde ní 1981, orúkọ ìwé Amos Tutùọlá ti ọdún 1954 ni wọ́n fi sọ ọ́, My Life in the Bush of Ghosts, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Byrne sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò tíì ka ìwé ọ̀hún nígbà yẹn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutùọlá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ibi tó wù mí jù ni bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ inú orin náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa á tì. Ibi tí Eno ti ń ka ìlù náà yàtọ̀ sí ibi tí àwọn yòókù ti ń kà á. Ẹni tó bá mọ̀ bí ìyáàlù ṣe ń rìn lórí ohùn omele yóò mọ̀ pé irú èyí kì í ba ìlù jẹ́. Òun gan-an ni adùn rẹ̀. Eno wá kọ ohùn ègbè láìní ọ̀rọ̀ kankan nínú, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí Byrne náà ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà náà: a kọ́kọ́ kọ ìró tí kò ní ìtumọ̀ lórí ìlù, lẹ́yìn náà ni yóò wá ọ̀rọ̀ tó bá ìró náà mu. Ní ti ẹsẹ orin yìí, àwọn oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà ni ó tẹ́tí sí. Ó mú bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè, bí wọ́n ṣe ń já a sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tún gbólóhùn sọ, ó sì fi sọ ìtàn ọkùnrin kan tó wo ilé àti ìyàwó rẹ̀, tí kò sì mọ bí òun ṣe débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé e wá sílé. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè olóhùn. Ohun tí Byrne ń wá kò ju ọ̀rọ̀ tí iye sílébù rẹ̀ pé, tí ibi tí a ti ń tẹnu mọ́ ọn sì bọ́ sí ipò. Tiwa yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi dò-re-mí ṣàlàyé. Bí akọrin Yorùbá bá kọ "re mí" láìní ọ̀rọ̀, ó ti yan ọ̀rọ̀ ná: ilé, owó àti igbá lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà, ìwà àti ìgbà kò lè wọ ibẹ̀, nítorí "dò dò" ni tiwọn. Bí ó bá kọ "mí re" ńkọ́? Kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ olófáwẹ̀lì tí yóò wọ ibẹ̀, nítorí pé ní Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ kì í gba ohùn òkè. Ó lè lo "kí ni", ó lè lo "níbo". Ṣé ẹ rí i? Ìró tí kò ní ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìbéèrè kí akọrin tó la ẹnu. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa pè ní ìdè yìí, ọ̀nà ni ó ń là fún akọrin.

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá kọ etí ikún sí i. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì kọ ní ohùn Gẹ̀ẹ́sì, kún fún ọ̀rọ̀ tó yí padà lẹ́nu akọrin: bí orin bá gòkè níbi tí igbà wà, igbá ni etí yóò gbọ́. Bàbá bàbá Fẹlá, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, wà lára àwọn tó kọ orin ìyìn tó bá ohùn Yorùbá lọ, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó, kọ ìwé Yoruba Music ní 1953, ìbáṣepọ̀ ohùn èdè àti ohùn orin sì jẹ ẹ́ lógún níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àti pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò ti ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ mọ ohun tí à ń wí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. N kò sọ pé kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè, kí orin má ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbójú lé ìfòyemọ̀ olùgbọ́ nígbà gbogbo ti di iṣẹ́ tirẹ̀ ru ẹlòmíràn.

Ẹ wo ohun tí Byrne ṣe dáadáa. Ó fẹ́ kọ orin tí kò bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ó sì lọ kó ohùn tí àwọn èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ wọ inú orin. Kí ni ìjálá, kí ni rárà, kí ni ẹkún ìyàwó, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tó ti orí ahọ́n bọ́ sínú orin? Ohun tó jẹ́ àrà tuntun fún un, ìpìlẹ̀ ni fún wa. Kò yani lẹ́nu pé Angélique Kidjo, ọmọ bíbí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, tí Yorùbá wà lára èdè tó fi ń kọrin, tún gbogbo àwo Remain in Light kọ ní 2018, tí Tony Allen, onílù Fẹlá, sì bá a lu ìlù níbẹ̀. Ẹrù ti padà sọ́dọ̀ onílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọrin, ẹ máa dá àrà. Ẹ yọ ègbè kúrò, ẹ lu ìlù kan ṣoṣo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ jẹ́ kí jìtá máa ké. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ lọ jókòó sí ọjà, ẹ tẹ́tí sí ìyá tó ń polówó ẹ̀kọ. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀, ẹ gbọ́ bí àwọn tó ń pe èrò ṣe ń fa ohùn. Orin wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá ba ohùn Yorùbá jẹ́ kí orin rẹ̀ lè ṣàjèjì, àjèjì lásán ni yóò dà. Olùgbọ́ kò ní mọ ohun tó ń wí.