Kí Ẹni tí Ń Tà Fi Ojú Rẹ̀ Hàn

Àwọn baba wa a máa wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ṣùgbọ́n owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sí ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, kí ó sì máa kọ́ ọ bí a ti ń fi aṣọ òtítọ́ bo èké lára. Lónìí irú wọn pọ̀, a sì ń yìn wọ́n. À ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde, à ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ pàápàá, pé ìpolówó tí ó dára jù lọ ni èyí tí ẹni tí ó gbọ́ ọ kò mọ̀ pé ìpolówó ni. Àwa kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a sì dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n yìí, ẹ̀tàn ni àwa ń pè é. A ó sì fi ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra ìpolówó. Ẹni tí ó gbé ọjà karí tí kò la ẹnu, yóò gbé e padà wá sílé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní ìlú wa, ohùn obìnrin tí ń kiri àkàrà a máa jí ọmọ dìde ṣáájú agogo ilé-ìwé. Ó ń yin ọjà rẹ̀, ó ń fi orin pè é, ó ní ó gbóná fẹ́lífẹ́lí. Bẹ́ẹ̀ ni bóyá àkàrà náà ti tutù kí ó tó kọjá àdúgbò kejì. Síbẹ̀ a kò bínú sí i. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé òun ni ó ni àkàrà, òun ni ó sì ni ohùn, a sì ń rí ojú rẹ̀. Olúkúlùkù ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹni tí ń tà ni ó ń sọ̀rọ̀, yóò sì mọ ìwọ̀n tí òun yóò fi wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àkàrà náà kò bá sì dára, a mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí a ṣe ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1929. Ilé-iṣẹ́ kan tí a ń pè ní American Tobacco Company ń ta sìgá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucky Strike. George Washington Hill, tí í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ náà, rí i pé àwọn obìnrin kò ra ọjà òun tó bí àwọn ọkùnrin ti ń rà á. Lóòótọ́ àwọn tí ń mu sìgá nínú wọn ti ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun ìtìjú ni fún obìnrin láti mu ún ní ìgboro. Hill fẹ́ mú ìtìjú náà kúrò, nítorínáà ó ké sí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edward Bernays. Ìlú Vienna ni a ti bí Bernays ní 1891. Arábìnrin Sigmund Freud, oníṣègùn ọkàn tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni ìyá rẹ̀. Ní 1928 ó ti tẹ ìwé kan jáde, tí ó pè ní Propaganda, nínú èyí tí ó sọ láìfi bò pé àwọn ènìyàn díẹ̀ tí a kò rí ni ń darí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń ráhùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn.

Bernays tọ oníṣègùn ọkàn kan lọ, A. A. Brill, ó sì bèèrè ohun tí sìgá jẹ́ lójú àwọn obìnrin. Brill dá a lóhùn pé ògùṣọ̀ òmìnira ni. Ọ̀rọ̀ yìí tó fún un. Kò lọ kọ ọ́ sára ògiri pé kí àwọn obìnrin wá ra Lucky Strike. Ó yan Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ó jẹ́ àṣà àwọn ọlọ́lá New York láti wọ aṣọ tuntun kí wọ́n sì rìn ní òpópó Fifth Avenue lẹ́yìn ìsìn. Ó ṣètò kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin díẹ̀ rìn láàárín èrò náà, kí wọ́n sì tan sìgá wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ìpè tí a fi pè wọ́n jáde, bí ìpè ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ni a ti kọ ọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tábà kò sí nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìwé ìròhìn New York Times ròyìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó rìn, Bertha Hunt, bá àwọn oníròhìn sọ̀rọ̀ bí obìnrin tí ó ti inú ara rẹ̀ ro ọ̀ràn náà, tí ó sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé Bernays ni. Àwọn tí ó ka ìwé ìròhìn náà kò mọ èyí.

Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí a rí ní òpópó náà, kò sí èyí tí ojú lè pè ní irọ́. Àwọn obìnrin náà rìn ní tòótọ́. Wọ́n mu sìgá ní tòótọ́. Inú ohun tí a kò sọ ni irọ́ náà fi ara pamọ́ sí. Ọjọ́ tí ìjọ ń yọ̀ pé ibojì ṣófo ni a sì sọ di ọjọ́ ọjà fún ohun tí yóò kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ibojì.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ṣé kò tọ́ kí obìnrin ṣe ohun tí ọkùnrin ń ṣe ni?” Àwa kò bá wọn jiyàn lórí èyí. Ọdún mẹ́sàn-án péré ṣáájú ni òfin ilẹ̀ náà fi ọwọ́ sí i pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ìbò du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹ̀dùn ọkàn wọn kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá la ẹnu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn tòótọ́ ni ihò tí oníṣòwò náà gbà wọlé. Ká ní ó jáde wí pé, “Èmi tí ń ta tábà ni mo ń pè yín, nítorí owó yín kò tíì dé ọwọ́ mi tó,” ta ni ìbá pe èéfín rẹ̀ ní òmìnira?

A kò sọ pé ìrìn ọjọ́ kan yìí nìkan ni ó kọ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní sìgá mímu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà ní òpin ọ̀nà tí a fi ògùṣọ̀ náà hàn wọ́n. Ní 1964, oníṣègùn àgbà ìjọba ilẹ̀ náà tẹ ìwé jáde tí ó fi hàn pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1971, òfin lé ìpolówó sìgá kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wọn. Ní 1987, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró borí jẹjẹrẹ ọmú nínú iye àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ń pa níbẹ̀. Bernays ńkọ́? Òun tìkára rẹ̀ kì í mu sìgá, a sì mọ̀ pé ó gbìyànjú kí ìyàwó rẹ̀ lè fi í sílẹ̀. Ní 1965 ni ó ròyìn gbogbo ètò náà nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá èyí lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó pẹ́ kí ó tó dé kì í jí òkú.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, “Ẹni tí ń rà á ní ojú, kí ó ṣọ́ ara rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ojú, ojú náà gan-an ni a sì fi aṣọ dì.

Wọn yóò tún wí pé bí a bá ní kí oníṣòwò fi ara hàn, ọgbọ́n inú ìpolówó yóò kú. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé ìròhìn kan wà tí ń jẹ́ L'Auto, èyí tí Henri Desgrange jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ọjà rẹ̀ kò tà. Le Vélo, orogún rẹ̀, ni àwọn ènìyàn ń rà. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròhìn rẹ̀, Géo Lefèvre, dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe eré-ìje kẹ̀kẹ́ yí ilẹ̀ Faransé ká. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ ọdún 1903, ọgọ́ta ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ jáde fún ìrìn 2,428 kìlómítà. 21 péré ni ó parí rẹ̀, Maurice Garin sì gba ipò kìíní. Àwọn ènìyàn ń du ìwé ìròhìn náà láti mọ ibi tí eré dé. Nígbà tí ó di 1904, Le Vélo ti kógbá sílé. Ní 1919 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè wọ ẹni tí ó wà níwájú, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú bébà tí a fi ń tẹ L'Auto. Ta ni irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ tí rí rí? Síbẹ̀, kò sí ará Faransé kan tí kò mọ ẹni tí ó ni eré náà àti ohun tí ó ń wá. L'Auto kò sí mọ́. Eré náà wà títí di òní. Ọgbọ́n kò nílò ìbòjú.

Ẹ̀yin olùkọ́, kì í ṣe nítorí New York nìkan ni a fi kọ èyí. Nínú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín, lójoojúmọ́ ni ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ń fi ọṣẹ wẹ̀, tí ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ó sì ń yìn ín bí ọ̀rẹ́ tí ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn. Nígbà púpọ̀ kò sọ fún wọn pé a ti sanwó fún òun. Ọmọ Bernays ni wọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nítorínáà, bí ẹ ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ẹ kọ́ ọ ní ìbéèrè mẹ́ta pẹ̀lú: Ta ni ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó sanwó fún un? Kí ni a kò sọ fún mi? Ẹ mú ìpolówó kan wá sí kíláàsì, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí títí yóò fi dáhùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó sì ṣe iṣẹ́ yìí lọ́la, ẹ ṣe é pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún yín: ẹ kọrin, ẹ sáré, ẹ dá àrà tí ojú kò rí rí. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹni tí ó rán yín hàn ketekete. Obìnrin alákàrà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò bo ojú kiri ọjà rí.