Iyùn Kì í Ṣe Òkúta, Ẹ̀yin Alága

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìdána kan ní Ekinrin-Adde, alága ìjókòó nawọ́ sí ọrùn ìyàwó, ó ní: “Ẹ wo òkúta olówó iyebíye!” Akọ̀wé yìí gbé ṣíbí ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé ìjà òun àti àwọn alága kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ní fún wọn lọ́sẹ̀ yìí: iyùn, ariwo sípíkà, àti owó tí wọ́n ń fi ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti iyùn. Ta ló ń pe ìkarahun ìgbín ní òkúta? Ẹranko ló kọ́ iyùn, bí ìgbín ṣe kọ́ ilé tirẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní: ibẹ̀ ló ń gbà jẹun, ibẹ̀ náà ló ń gbà yàgbẹ́ (alága, ẹ má sọ èyí níbi ìdána). Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa tí àwọn Potogí ń kó wá sí Bìní láyé àtijọ́ ti wá, kì í sì í fi mìlímítà kan sanra lọ́dún.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń kọ́ òkìtì ńláńlá. Ti Ọsirélíà gùn tó 2,300 kìlómítà. Gbogbo òkìtì iyùn ayé kò gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin onírúurú ẹ̀dá òkun ló ń jẹ níbẹ̀.

Ẹ má wá irú rẹ̀ ní etíkun Nàìjíríà. Àwa tí à ń kí ara wa ní “Okun o” jìnnà sí òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ń gbé kọjá ní Lọ́kọ́ja, òkun ló ń lọ. Omi ríru kò bá iyùn tó ń kọ́ òkìtì lára mu. Ewédò tíńtìntín ló ń gbé inú ara rẹ̀, tó ń fi oòrùn se oúnjẹ fún un. Bí omi bá gbóná jù, iyùn a lé ewédò jáde, a sì funfun báláú. Bí ooru náà kò bá tètè lọ, ebi a pa á. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2016, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2017.

Ọwọ́ akọ̀wé yìí kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà o. Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí iyùn Màmá àgbà, kó lè dán. Iyùn hó yaya bí ọṣẹ. Èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ tí òkun ń gbé mì náà ń fa omi rẹ̀ sí kíkan, tí ilé kíkọ́ fi ń nira fún iyùn. Ní ti ọsàn ọjọ́ náà, igbá ọ̀rúnlá ni Màmá fi dá akọ̀wé yìí lóhùn.

Ariwo sípíkà àti owó ọkọ ìyàwó ńkọ́? Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iyùn Màmá ló wà lọ́rùn ìyàwó Sátidé náà. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ kò dán títí dòní.