"A" àti "The": Ẹ Fi Yorùbá Là Á Yé Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn kan a máa wí pé èdè Yorùbá ni ó fa ìyà tí "a", "an" àti "the" fi ń jẹ àwọn ọmọ wa nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní èdè wa kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe sọ Yorùbá rárá ní kíláàsì. Àwa kò gbà. Èdè Látìnì pàápàá kò ní wọn, síbẹ̀ a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní èdè aláìmọ̀kan.

Bí Yorùbá bá ń pa ìtàn, yóò ní, "Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan." Lẹ́yìn èyí, "ọkùnrin náà" ni yóò máa wí, nítorí pé olùgbọ́ ti mọ ẹni tí à ń sọ. Olórí iṣẹ́ "a" àti "the" nìyẹn: èyí fún ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ inú ọ̀rọ̀, èkejì fún ohun tí àwa àti olùgbọ́ ti jọ mọ̀. Ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn pàápàá jọra. Láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "ọ̀kan" ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "an", kí wọ́n tó gé e kúrú sí "a", gẹ́gẹ́ bí "kan" tiwa ti bá "ọ̀kan" tan.

Èyí tí ó kù ni ó le, a kò sì ní í tan ẹnikẹ́ni. Yorùbá lè wí pé "Mo ra ìwé" láìbìkítà bóyá ẹyọ kan ni tàbí mẹ́wàá; Gẹ̀ẹ́sì kò fún wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. "Advice" àti "furniture" kò ṣe é kà lójú àwọn tí wọ́n ni èdè, nítorí náà a kì í fi "an" tàbí "a" ṣáájú wọn, bí àga tilẹ̀ kún ilé. Ọmọ tí ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́, "to school" ni ó ń lọ. Ìyá rẹ̀ tí ó kàn fẹ́ rí olùkọ́, "to the school" ni. Ta ni yóò sì sọ ìdí tí Ìbàdàn fi ń dá lọ, tí odò Ọya fi ní láti jẹ́ "the Niger"? Àṣà ni, kíkọ́ ni ó gbà.

Kí a má sì pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó kọ̀wé pé òun ní "a few friends" ní ọ̀rẹ́ díẹ̀ tí ó lè ké sí. Ẹni tí ó kọ "few friends" ń ráhùn pé òun kò lẹ́ni.

Pé Yorùbá kì í ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, a ti rí i. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ó fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí ní 2022 ni ó tún fagi lé e ní 2025. Kí àwọn aṣòfin tí a dìbò fún gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí ilé ìgbìmọ̀. Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró dè wọ́n: ẹ kọ́kọ́ pa ìtàn ọkùnrin kan fún àwọn ọmọ ní Yorùbá, kí ẹ tó kọ "a" àti "the" sí ara pátákó.